Tíṣà Hánà àti Ọgbà Inú Ọkọ̀

Wọ́n ní ọgbà àgbàdo kan ló gbé Tíṣà Hánà rìn lórí omi láti Ìtura dé Mahintedo. Wọ́n ní ṣe ló jókòó sáàárín ebè bí ayaba, tí ewé àgbàdo ń fẹ́ ẹ lọ́tùn-ún, tó ń fẹ́ ẹ lósì, tí ọgbà náà sì ń lọ fúnra rẹ̀ láìsí àjẹ̀, láìsí ọ̀pá. Ẹni tó sọ ọ́ fún mi ní Ode Mahin búra sí i. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun kan ya àgbàdo méjì nínú ọgbà náà bó ṣe ń kọjá lọ, ó sè é, ó sì dùn. Èmi ò já a níyàn. Irọ́ tí wọ́n bá ti ń sè lórí iná, ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀ ká tó fọwọ́ kàn án.

Ṣùgbọ́n mo mọ Tíṣà Hánà. Ilé àwọn ọmọbìnrin kan náà la jọ ń sùn, ẹní tèmi kan ẹní tirẹ̀. Ẹ wò ó, mo tún ti pe ẹní ní tèmi. Ní Ìtura, ọ̀rọ̀ burúkú nìyẹn. Nígbà tí òkìkí Ayétòrò kàn dé gbogbo etí òkun, pé àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n jọ ń jẹ nínú ìkòkò kan, àwọn ìdílé mélòó kan láti Ode Ugbo àti agbègbè Mahin kó ara wọn jọ, wọ́n ri òpó mọ́ ẹrẹ̀ létí omi, wọ́n tẹ́ pákó lé e, wọ́n sì pe ibẹ̀ ní Ìtura. Bí ti Ayétòrò ni ti wa náà: àjọṣe, àjọjẹ, àjọní. Ẹja tí ẹnikẹ́ni bá pa, ti gbogbo ilé ni. Àwọ̀n, ọkọ̀, aṣọ, bàtà, ti gbogbo ilé ni. Ọmọ tí ẹnikẹ́ni bá bí, ti gbogbo ilé náà ni. Bó o bá sọ "abẹ́rẹ́ mi" nílé ìhunṣọ, àwọn ìyá á wò ọ́ bí ẹni tó ṣépè.

Hánà Jọọlá ni ọmọ Ìtura àkọ́kọ́ tó lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà lókè ilẹ̀. Lọ́jọ́ tó padà dé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí rẹ̀, gbogbo ọkọ̀ tó wà nílé ló jáde lọ pàdé rẹ̀. Wọ́n kọrin. Wọ́n gbé e sókè gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ẹja ńlá, orí níwájú, ẹsẹ̀ lẹ́yìn. Ó yẹ kó ti fura láti ọjọ́ yẹn. Ẹja tí wọ́n bá gbé báyẹn, ibi tí wọ́n ń gbé e lọ, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n.

Ní Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, wọ́n fún un ní kíláàsì kejì. Tíṣà kíláàsì kìíní ti lọ sílé ìyá rẹ̀ láti lọ bímọ, wọ́n ní kó máa bójú tó ìyẹn náà. Wọ́n tún fún un ní orin kíkọ, aṣọ rírán, ẹ̀kọ́ Bíbélì ọjọ́ ìsinmi, àti agogo lílù. Àwọn ọmọ tó wà níwájú rẹ̀ lé ní ọgọ́ta, wọ́n jókòó gẹ́gẹ́ bí ẹja nínú agbọ̀n, wọ́n sì ń wò ó.

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n kọ́ ọ pé kí tíṣà máa pe àwọn ọmọ ní "ẹ̀yin ọmọ mi ọ̀wọ́n". Ó pè wọ́n bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Kó tó di ọ̀sán, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ọmọ́yẹlé, tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, ti ń rìn káàkiri lórí afárá pákó, ọwọ́ lẹ́yìn, imú sókè, tó ń sọ ọ́ bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń bá jà: "Ẹ dákẹ́ jẹ́ẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi ọ̀wọ́n." Kó tó di alẹ́, àwọn tó ń yan ẹja ti ń sọ ọ́ síra wọn. Lọ́jọ́ kejì, mo bá ara mi níbi tí mo ti ń sọ ọ́ fún òwú tó lọ́ mọ́ra lórí òfì. Ohùn ọmọ yẹn ń ràn.

Hánà kọ́ wọn ní ení, èjì, ẹ̀ta. Wọn ò mọ̀ ọ́n. Ó tún kọ́ wọn. Wọn ò mọ̀ ọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ki ọwọ́ bọ inú páálí ẹfun ìkọ̀wé, akàn tó wà níbẹ̀ sì fi èékánná mú un níka. Bó ṣe ń kígbe, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo kíláàsì ń ka igbe náà pa pọ̀, láìṣì í kà, láìfo ọ̀kan: ení, èjì, ẹ̀ta, títí ó fi rẹ akàn.

Ó lọ fi ẹjọ́ sùn. Ta ni kó fi sùn? Níbòmíràn, tíṣà á mú ọmọ lọ bá bàbá rẹ̀. Hánà mú Ọmọ́yẹlé lọ bá ọkùnrin tó bí i nídìí àwọ̀n.

"Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ló dé tó jẹ́ èmi lẹ mú un wá bá?"

"Ẹ̀yin lẹ bí i, bàbá."

"Rárá o, gbogbo ilé ló bí i. Ẹ lọ sọ fún gbogbo ilé."

Nígbà tó sì nà án, gbogbo ilé wá. Bàbá mẹ́rìnlá, ìyá tí mi ò lè kà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń béèrè pé kí ló ṣe tó fi na ọmọ òun.

Bí agogo iléèwé bá ti fẹ́ dún láàárọ̀, Hánà á sáré lọ sí etí afárá, á bì. Òun náà ló sì máa padà wá lu agogo ọ̀hún. Mo ní, "Àǹtí Hánà, ṣé oyún agogo lẹ lóyún ni?" Kò rẹ́rìn-ín. Tẹ́lẹ̀, ìbá ti sọ bàtà lù mí. Ìgbà tí kò sọ bàtà lù mí ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ eegun.

Ọ̀gá iléèwé ni Ọ̀gbẹ́ni Ọlálẹ́yẹ, ará òkè ilẹ̀ lápá Oǹdó, tí kò fẹ́ràn omi, tí omi náà kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ó pe Hánà.

"Mísì, alábẹ̀wò iléèwé ń bọ̀. Ọgbà dà?"

"Sà, orí omi la wà."

"Ọgbà ni mo béèrè, mi ò béèrè omi. Gbogbo iléèwé ló gbọ́dọ̀ ní ọgbà. Wọn ò kọ́ ọ ní ebè kíkọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni?"

Wọ́n kọ́ ọ. Ó mọ ebè kọ dáadáa. Ilẹ̀ ni kò sí.

Ó lọ bá Bàbá Mátíù tó ń gbẹ́ ọkọ̀, tó sì ń tọ́jú gbogbo ọkọ̀ ìlú. Ó bẹ̀ ẹ́ kó fún òun ní ọkọ̀ àlòkù kan tí òun lè kó erùpẹ̀ sí. Bàbá fi ẹsẹ̀ ta ọkọ̀ ńlá kan tó ti ń jẹrà lórí ẹrẹ̀ lábẹ́ iléèwé. "Èyí ti kú. Ìdí rẹ̀ ti lu. Mú un. Tìrẹ ni."

Hánà dúró. Ó sọ fún mi pé òun ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn látẹnu àgbàlagbà kankan rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun. Tìrẹ ni. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀ lórí ẹní, bí ọmọdé tó fi àdídùn pamọ́ sẹ́rẹ̀kẹ́.

Àwọn tó ń tukọ̀ lọ ra pupuru, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wa, lókè odò ń bá a bu erùpẹ̀ wá, agbọ̀n kan lónìí, agbọ̀n kan lọ́la. Ó kó o sínú ọkọ̀ náà, erùpẹ̀ sì dí ihò ìdí rẹ̀. Ó kọ ebè. Ó gbin àgbàdo. Nígbà tó hù, ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo Ìtura ló wá wò ó! Àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ti rí ẹja tó gùn ju ilé lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń wo ewé tó gùn tó ìka. Bàbá Ábúráhámù Ọláìtán, olórí àwọn àgbà ìlú, gbàdúrà lé e lórí.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni. Hánà lọ sí ilé ìdáná lọ bu omi òjò tí a fi pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù. Ìyá Moríkẹ́, olórí ilé ìdáná, fi ìdí dí i lọ́nà.

"Omi tí ènìyàn ò rí mu yó, ìyẹn ni àgbàdo fẹ́ mu?"

Ó yá, omi wo ló kù? Omi abẹ́ iléèwé ló kù, ó pọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ. Ó ní kí àwọn ọmọ máa bu ú sí àgbàdo láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Wọ́n bù ú. Fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n ṣe ohun tó ní kí wọ́n ṣe. Ẹni tó bá ń lọ sídìí àwọ̀n á bu igbá kan sí i. Ẹni tó bá ń bọ̀ á tún bu igbá kan. Èmi náà bù ú. Nínú gbogbo wa, kò sí ẹni tó ti gbin ata rí. Ó wù wá kí nǹkan náà yè, a sì bomi iyọ̀ sí i títí tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n lẹ́nu ewé, tó sì dorí kodò.

Ọ̀gá Ọlálẹ́yẹ dúró títí àgbàdo fi kú tán. Lẹ́yìn náà ló kó kíláàsì kejì jáde.

"Mísì, fi ìka kan erùpẹ̀ náà. Lá a."

Hánà lá a.

"Kí ló dà bí?"

"Iyọ̀, sà."

"Ní ìlú wa, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú mọ̀ pé iyọ̀ ń pa irúgbìn. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti ń wò yín látojú fèrèsé. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìwé ẹ̀rí rẹ máa la ẹnu sọ fún ọ."

Ó ní kó gun orí àga, kó di igi àgbàdo kan mú sókè, kí àwọn ọmọ wò ó dáadáa. Ó gun ún. Wọ́n wò ó. Ọmọ́yẹlé ló dá orin, àwọn yòókù gbè é: *Ọmọ mi ọ̀wọ́n, àgbàdo rẹ ti kú o, ọmọ mi ọ̀wọ́n, ìwọ ńkọ́, ìgbà wo lo máa kú?* Orin náà dùn, mi ò lè parọ́. Àwọn obìnrin ilé ìhunṣọ ń fi ẹsẹ̀ gbè é kí wọ́n tó mọ ohun tó ń sọ.

Níbi ìpàdé àwọn àgbà, Hánà kúnlẹ̀.

"Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ dákun, ẹ mú mi kúrò níléèwé. Ẹ fi mí síbi ẹja yíyan. Ẹ fi mí sídìí àwọ̀n. Ibikíbi."

Bàbá Ábúráhámù wò ó tàánú-tàánú, irú àánú tí wọ́n fi ń wo adìyẹ ọdún. "Hánà, ta ló fi ọ́ síbẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni, bàbá."

"Àwa kọ́. Ẹ̀mí Mímọ́ ni. Bó bá ti fẹ́ mú ọ kúrò, á sọ fún wa."

"Bó bá ti sọ fún èmi ńkọ́?"

Ìpàdé mí kanlẹ̀. Bàbá Ábúráhámù rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀mí kì í bá ẹyọ ẹnì kan sọ̀rọ̀ ní Ìtura, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ pàápàá, àjọní ni."

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wá kù. Àbúrò ìyá rẹ̀ kan, Àrìnpé, wà ní Mahintedo, tó ń ta ẹja tirẹ̀, tó ń náwó tirẹ̀, tí kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ wa sétí. Àmọ́ báwo ni yóò ṣe débẹ̀? Bàbá Mátíù kì í tú okùn ọkọ̀ kankan fún ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé àwọn àgbà bá fọwọ́ sí i. Ọkọ̀ gbogbo ìlú ni wọ́n, àfi ọ̀kan.

Lọ́jọ́ tí alábẹ̀wò ń bọ̀, omi kún dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà lórí ẹrẹ̀. Ọ̀gá Ọlálẹ́yẹ wọ kóòtù. Ó ní, "Mísì, ìwọ lo máa dúró nídìí ọgbà, kó o fẹnu ara rẹ ṣàlàyé fún un." Hánà ní, "Ó dáa, sà." Nígbà tí àwọn ọmọ jáde lọ ṣeré, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàsọ̀.

Ojú fèrèsé ilé ìhunṣọ ni mo wà. Mo rí i tó mú àjẹ̀ lọ́wọ́. Mo rí i tó wọ inú ọkọ̀ náà, tó jókòó sáàárín àgbàdo gbígbẹ. Ó mọ̀ pé ìdí ọkọ̀ ti lu. Òun fúnra rẹ̀ ló fi erùpẹ̀ dí i. Àmọ́ ẹni tí orí rẹ̀ bá ti kún, kì í rántí ìdí ọkọ̀.

Àwọn ọmọ ti so mọ́ igi ààbò afárá bí ẹyẹ.

"Tíṣà, ibo lẹ ń lọ?" Ohùn Ọmọ́yẹlé nìyẹn.

"Mo ń lọ sọ́dọ̀ Àǹtí mi."

"Ẹ ń kó àgbàdo dání fún wọn?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Hánà fi àjẹ̀ ti ẹrẹ̀. Ó tún ti ẹrẹ̀. Ọkọ̀ náà ké, ó yọ̀ kúrò lórí ẹrẹ̀, ó sì bọ́ sómi! Àwọn ọmọ hó yè! Ó lọ tó gígùn ènìyàn kan tó dùbúlẹ̀. Níbẹ̀ ni omi ti gba ihò wọlé. Ebè di ẹ̀kọ. Ọkọ̀ náà ò kánjú; ó ń rì lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí àgbàlagbà tó ń jókòó. Omi dé ìbàdí Hánà, ó ń tukọ̀. Omi dé àyà rẹ̀, ọkọ̀ ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ odò, ó ṣì ń tukọ̀. Igi àgbàdo gbígbẹ ń léfòó yí i ká. Ó ń fi gbogbo agbára rẹ̀ tu ọkọ̀ tó ti rì.

Ìgbà yẹn gan-an ni ọkọ̀ ẹlẹ́rọ alábẹ̀wò yọ lẹ́nu odò.

Ọkùnrin kúkúrú kan ni, ó dé akẹtẹ̀. Ó ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ. Ó wo inú omi, ó gbójú sókè wo Ọ̀gá Ọlálẹ́yẹ.

"Ọ̀gá, obìnrin wo nìyẹn?"

Ọ̀gá tún kóòtù rẹ̀ ṣe. Bó bá ní tíṣà òun tó ń sá lọ ni, òun náà tẹ́. Bó bá ní òun ò mọ̀ ọ́n, gbogbo iléèwé ń gbọ́.

Ọmọ́yẹlé ló dáhùn látòkè, ohùn rẹ̀ mọ́ bí agogo. "Tíṣà wa ni, sà. Ẹ̀kọ́ ohun tó ń léfòó àti ohun tó ń rì ni wọ́n ń kọ́ wa, sà."

Alábẹ̀wò yíjú sí Hánà. "Tíṣà, ṣé òótọ́ ni?"

Ó kù sí i lọ́wọ́. Kó ṣáà sọ pé rárá, iṣẹ́ ti bọ́. Ẹ̀mí ò ní í rí i dá dúró, àwọn àgbà ò ní í rí i dá dúró, ọkọ̀ ẹlẹ́rọ náà pàápàá lè gbé e dé Mahintedo lọ́fẹ̀ẹ́. Ó gbójú sókè. Ojú tó lé ní ọgọ́ta ń wò ó. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó wúkọ́. Láti ọjọ́ tó ti dé, wọn ò dákẹ́ fún un bẹ́ẹ̀ rí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ló wí. Ó nu ẹrẹ̀ lẹ́nu. "Ẹ̀yin ọmọ mi ọ̀wọ́n, kí ló dé tí ọkọ̀ yìí fi rì?"

Ọwọ́ nà sókè lórí afárá.

"Erùpẹ̀ wúwo, tíṣà!"

"Ó lu nídìí, tíṣà!"

"Ẹ̀ṣẹ̀ ni, tíṣà!"

"Tíṣà sanra jù!" Ẹ mọ ẹni tó sọ ìyẹn.

Alábẹ̀wò rẹ́rìn-ín títí akẹtẹ̀ rẹ̀ fi bọ́. Kò béèrè ọgbà mọ́.

Nígbà tó lọ tán, Hánà jáde lómi. Ó nawọ́ pe Ọmọ́yẹlé, ó gbé abọ́ kan lé e lọ́wọ́, ó ní kó lọ bu gbogbo ẹrẹ̀ tó wà nínú ọkọ̀ náà dànù. Omi ti ń fà. Ọmọ náà ń bù ú, ọ̀sán ń pọ́n, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó. Ó gbójú wo òkè.

"Ọmọ mi ọ̀wọ́n," ni Hánà wí, "kò tíì tán."

Ní gbogbo ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò rí i kó gbádùn ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo bá Ọmọ́yẹlé fi epo pa ọwọ́ lálẹ́. Mo bi í pé kí ló dé tó fi gba tíṣà rẹ̀ sílẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́n. "Bó bá lọ, wọ́n á mú ẹlòmíràn wá. Àwa lá ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá mọ ohun tó ń pa á lẹ́kún."

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, Bàbá Ábúráhámù ránṣẹ́ pe Hánà. Ó ní Ẹ̀mí ti sọ̀rọ̀ o: tíṣà tó jókòó sínú omi lójú àlejò ìjọba ti dójú ti ilé, kó máa lọ síbi ẹja yíyan.

Hánà kúnlẹ̀ dáadáa. "Bàbá mi, kò tíì sọ fún èmi. Àbí kì í ṣe àjọní mọ́ ni?"

Bàbá ní kó dìde, kó máa padà lọ sí kíláàsì. Bó ṣe wà níléèwé nìyẹn títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó ṣì ń sáré lọ sí etí afárá tí agogo bá fẹ́ dún. Wọ́n ṣì ń kọ orin ọjọ́ yẹn fún un, wọ́n sì ti fi ẹsẹ tuntun kún un nípa ìdí rẹ̀ àti ẹrẹ̀, tí mi ò ní í kọ síbí torí pé ó lè kà á, bàtà sì ti padà dé ọwọ́ rẹ̀.

Ní ti Mahintedo, kò débẹ̀. Ọkọ̀ náà wà lábẹ́ iléèwé wa níbi tó rì sí, ihò sì wà nídìí rẹ̀.